Orí Kẹsàn-án: Bí Abẹ́rẹ́ Inflúẹ́ńsà Ṣe Ń Bá Kòkòrò Ọdún Náà Mu

Ẹni tó bá ra abẹ́rẹ́ àjẹsára inflúẹ́ńsà ní ilé oògùn kan ní Súrùlérè, tó sì fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, yóò rí àwọn orúkọ tó jọ àdírẹ́sì. Fún àkókò 2024 sí 2025, orúkọ mẹ́ta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹyin adìẹ ṣe ní ìdajì ayé ti àríwá: A/Victoria/4897/2022, A/Thailand/8/2022 àti B/Austria/1359417/2021. Àdírẹ́sì ni wọ́n lóòótọ́. Lẹ́tà iwájú ń sọ irú inflúẹ́ńsà tó jẹ́, A tàbí B. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ibi tí wọ́n ti gba kòkòrò náà lára aláìsàn. Nọ́ńbà àárín ni èyí tí láàbù fún un, ọdún tí wọ́n gbà á ló sì kẹ́yìn. Victoria yìí kì í ṣe erékùṣù tó wà lódìkejì Ọ̀sà o; ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà ni. Bó ti wù kí orúkọ náà jìnnà sí wa tó, ẹnì kan ló ṣàìsàn níbẹ̀, tí wọ́n ti òwú bọ̀ ọ́ nímú, tí wọ́n fi òwú náà ránṣẹ́ sí láàbù, tí láàbù sì rí i pé ohun tó wà lára rẹ̀ yẹ ní wíwò fínnífínní.

Ta ló ń yan mẹ́ta wọ̀nyí? Kí ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, kí ló sì dé tí wọ́n fi ní láti tún wọn yàn lọ́dọọdún? Ohun tí orí yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. Ó tún fẹ́ béèrè ibi tí Yábàá, Muṣin àti Súrùlérè wà nínú ètò náà, nítorí pé abẹ́rẹ́ tó ń bá kòkòrò mu, kòkòrò tí ẹnì kan rí tó sì fi ránṣẹ́ nìkan ló lè bá mu.

Abẹ́rẹ́ kan tó dúró, òmíràn tí kò lè dúró

Lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó sílẹ̀ ní Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1927, àwọn oníwádìí yìí gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ láti ìran dé ìran nínú láàbù ní New York títí ọwọ́ líle rẹ̀ fi rọ̀, abẹ́rẹ́ 17D sì jáde ní 1937. Títí di òní olónìí, ìran kòkòrò yẹn náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí arìnrìn-àjò ń gbà kí wọ́n tó fún un ní káàdì yẹ́lò. Láti 2016, òfin ìlera àgbáyé ti gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, láti ọjọ́ tí àwọn bàbá ńlá wa wà láyé, ṣì ń dáàbò bo ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

Inflúẹ́ńsà kò gba irú ìgbọ́kànlé bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni kòkòrò rẹ̀. Jíìnì fáírọ́ọ̀sì yìí pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, RNA sì ni wọ́n. Bó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì imú tàbí ti ọ̀nà ọ̀fun, á bẹ̀rẹ̀ sí í da jíìnì wọ̀nyẹn kọ láti bí irú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń dà wọ́n kọ kì í padà sẹ́yìn wo àṣìṣe. Nítorí náà, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń tara aláìsàn kan jáde, ọ̀pọ̀ ló ti yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pa fáírọ́ọ̀sì náà lára. Àmọ́ ẹyọ kan lè bọ́ sí ibi tó ṣe é láǹfààní.

Ibi tó ṣe é láǹfààní jù ni orí èròjà kan tó yọ jáde lára rẹ̀, hemagglutinin, tí wọ́n ń gé kúrú sí HA. Òun ni fáírọ́ọ̀sì náà fi ń dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì wa. Èròjà kejì, neuraminidase tàbí NA, ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń já ara wọn gbà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì náà nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Lára àwọn méjèèjì ni H àti N inú H1N1 àti H3N2, ẹ̀yà méjì inú irú A, ti wá. Nígbà tí ènìyàn bá ṣàìsàn tàbí gba abẹ́rẹ́, ara a máa ṣe áńtíbọ́dì, ọmọ ogun tó ń gbá orí HA mú kó má bàa ráyè dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí ibi tí áńtíbọ́dì ń gbá mú bá yí padà, ọmọ ogun àná kò ní mọ ọ̀tá òní dáadáa mọ́.

Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, òun ló sì ń mú kí wọ́n tún abẹ́rẹ́ ṣe lọ́dọọdún. Ìyípadà ńlá náà wà, nígbà tí inflúẹ́ńsà méjì tó yàtọ̀ bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, bóyá lára ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀nà mẹ́jọ yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí irú tuntun ṣe dé ní 1957 àti 1968 nìyẹn, àti ní 2009 tí H1N1 tuntun tàn káyé. Oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni Nàìjíríà kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in, Èkó ni wọ́n sì ti rí i.

Láti lùkúlùkú dé 1947

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi SS Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti Accra pẹ̀lú àwọn tí inflúẹ́ńsà ti kọ lù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti gba ìgboro Èkó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojúlé dé ojúlé wá aláìsàn, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì sá lọ sí ìlú wọn. Àrùn náà bá wọn lọ, ní ojú irin àti ní ojú omi. Lùkúlùkú ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ìjọ kan kóra jọ láti máa gbàdúrà, ẹgbẹ́ àdúrà náà sì wà lára ìpìlẹ̀ ìjọ Christ Apostolic Church tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé àwọn tó kú ní Nàìjíríà tó ìdajì mílíọ̀nù. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan, kò sì sí ẹni tó tíì fojú rí ohun tó ń pa wọ́n.

Ọdún 1933 ni àwọn oníwádìí mẹ́ta ní London, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, tó fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni. Wọ́n fi omi ọ̀fun aláìsàn sí imú ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ferret, ẹranko náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín bí ènìyàn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Thomas Francis àti Jonas Salk ṣe abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 1945 wọ́n fọwọ́ sí i fún ará ìlú.

Ní 1947 abẹ́rẹ́ kan náà kùnà. Ohun tó wà nínú ìgò kò bàjẹ́, ọwọ́ tó gún un kò ṣàṣìṣe. Inflúẹ́ńsà ọdún yẹn ló ti kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ fi í sí. Ìjákulẹ̀ yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí ju gbogbo àṣeyọrí ìgbà náà lọ, nítorí òun ló kọ́ àwọn onímọ̀ pé abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Wọ́n nílò ojú káàkiri ayé tí yóò máa ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì náà. Ní 1952, WHO so àwọn láàbù orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ ara wọn. Lónìí, ó lé ní àádóje orílẹ̀-èdè tó wà nínú ìsopọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní GISRS ní kúkúrú. Láàbù kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ nínú ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí àwọn ibùdó àgbà ní London, Atlanta, Melbourne, Tokyo àti Beijing. Ibùdó kan wà ní Memphis tó dojú kọ ti ẹyẹ àti ẹranko.

Bí láàbù ṣe ń mọ̀ pé méjì bára mu

Ibùdó àgbà gba fáírọ́ọ̀sì tuntun láti ìlú kan. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣì lè ká a? Àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò jù ti wà láti 1941, nígbà tí George Hirst ṣàkíyèsí pé inflúẹ́ńsà máa ń so sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye rẹ̀ dáadáa, nítorí òun ni púpọ̀ nínú ìpinnu ọdọọdún fẹ̀yìn tì.

Wọ́n á kọ́kọ́ wá ferret tí kò tíì ní inflúẹ́ńsà rí, wọ́n á sì fi fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ kó o ní àrùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì yọ omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Áńtíbọ́dì fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn ló wà nínú omi náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á mú pátákó oníhò wẹ́wẹ́, wọ́n á bu omi la omi ẹ̀jẹ̀ náà ní ìlọ́po méjì méjì láti ihò dé ihò: ìkan nínú 10, nínú 20, nínú 40, títí dé 1280 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ dán wò sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó da sẹ́ẹ̀lì pupa ti tòlótòló tàbí ti ẹranko mìíràn sí i.

Níbi tí áńtíbọ́dì bá ti borí, fáírọ́ọ̀sì kò ní ráyè so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á sì rì sí ìsàlẹ̀ ihò bí àmì tó-tò pupa kan. Níbi tí fáírọ́ọ̀sì bá ti borí, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tàn kálẹ̀ nínú ihò, àmì kò ní sí. Ihò tí áńtíbọ́dì ti borí gbẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀.

Ká sọ pé omi ẹ̀jẹ̀ náà lè dá fáírọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ dúró títí dé 1280. Bó bá lè dá ti aláìsàn tuntun dúró dé 640, ìyàtọ̀ ìlọ́po méjì ni, wọ́n sì gbà pé àwọn méjèèjì jọra. Bó bá jẹ́ 160 ló ti dúró, ìyàtọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ọkàn àwọn onímọ̀ kì í balẹ̀ mọ́.

Wọn kì í gbé gbogbo ẹrù náà lé ferret lórí. Wọ́n tún ń dán ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó ti gba abẹ́rẹ́ wò, ọmọdé àti àgbà, nítorí ara ènìyàn ti pàdé inflúẹ́ńsà lọ́pọ̀ ìgbà, ti ferret yẹn kò tíì pàdé rẹ̀ rí. H3N2 òde òní kì í fẹ́ so sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ dáadáa mọ́, wọ́n sì ní láti lo àyẹ̀wò mìíràn fún púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń ka jíìnì wọn pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ìdílé tó ń gbilẹ̀ àti èyí tó ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń jókòó pinnu. Ìpàdé oṣù Kejì wà fún ìgbà òtútù ìdajì ayé ti àríwá, ìpàdé oṣù Kẹsàn-án wà fún ti gúúsù. Wọn ò lè dúró dìgbà tí àrùn bá dé, nítorí ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí abẹ́rẹ́ tó jáde nílé iṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn ṣì ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì nínú ẹyin adìẹ tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní oṣù Kejì ni wọ́n fi ń pèsè fún oṣù Kejìlá.

Àlàfo mẹ́ta lára irú B

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ wà lára inflúẹ́ńsà B, ìdílé tí wọ́n ń pè ní Victoria. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, B/Brisbane/60/2008 ló ń ṣojú ìdílé yìí nínú abẹ́rẹ́. HA jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n fi amino acid so. Nígbà tó yá, irú kan yọ tí amino acid méjì sọ nù lára rẹ̀, ní ipò 162 àti 163, ibi tí áńtíbọ́dì máa ń gbá mú. Wọ́n fi B/Colorado/06/2017 rọ́pò Brisbane nínú abẹ́rẹ́ láti fi bá irú yìí mu.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́, irú mìíràn ti dé, tí mẹ́ta sọ nù lára tirẹ̀, ní 162, 163 àti 164. Ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní àlàfo mẹ́ta yìí láìjẹ́ pé ọ̀kan bí èkejì. Àwọn oníwádìí ń pe ọ̀kan ní ti Éṣíà, wọ́n ń pe èkejì ní ti Áfíríkà. Lára àwọn alálàfo mẹ́ta tí láàbù Francis Crick Institute ní London fi ń ṣe òṣùwọ̀n nígbà náà ni B/Nigeria/3352/2018. Ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè yìí ṣàìsàn ní 2018, wọ́n gba òwú nímú rẹ̀, òwú náà dé Abùjá, ó sì dé London, ó wá di ohun tí wọ́n ń fi wọn ti àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn ni pé áńtíbọ́dì tí Colorado mú wá kò ká alálàfo mẹ́ta dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, WHO yan B/Washington/02/2019 fún ìdajì ayé ti gúúsù, ní oṣù Kejì 2020 wọ́n yàn án fún ti àríwá. Orúkọ Amẹ́ríkà ló jẹ́, àmọ́ inú ìdílé tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà ló ti wá. Kò sí ẹni tó lè rí ìyẹn lára páálí. Láti 2022 ni B/Austria/1359417/2021 ti gba ipò rẹ̀. B/Cote d'Ivoire/948/2020, láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín ìgbà náà.

Ìdílé B kejì, Yamagata, kò sí lára páálí mọ́. Láti oṣù Kẹta 2020 tí ìsémọ́lé kòrónà bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tún rí i lọ́nà tó dájú níbikíbi láyé. Ní 2023 WHO sọ pé kò sí ìdí láti máa fi í sínú abẹ́rẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mẹ́rin fi di mẹ́ta.

Nígbà tí kò bá mu

Ní oṣù Kejì 2014, A/Texas/50/2012 ni wọ́n yàn fún H3N2. Kò pẹ́ sígbà náà tí irú mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, nígbà tí òtútù ọdún yẹn sì máa fi dé Amẹ́ríkà, òun ló pọ̀ jù lára H3N2 tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ṣe abẹ́rẹ́ tán. Lọ́dún tí nǹkan bá bára mu, abẹ́rẹ́ inflúẹ́ńsà a máa dín àìsàn tó ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní ìwọ̀n 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún yẹn, 19 péré ni ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi A/Switzerland/9715293/2013 rọ́pò Texas lẹ́yìn náà.

Nígbà mìíràn, wọ́n yàn dáadáa, ẹyin ló yí i padà. H3N2 kò fẹ́ràn àtigbé inú ẹyin adìẹ, ó sì máa ń yí ara rẹ̀ díẹ̀ kó lè gbé ibẹ̀. Ní àkókò 2016 sí 2017, ìyípadà kan ní ipò 160 lórí HA mú kí èyí tó jáde nínú ẹyin yàtọ̀ sí èyí tó ń kó àwọn ènìyàn ní àrùn. Ìdí nìyẹn tí WHO fi ń kọ orúkọ ọ̀tọ̀ fún abẹ́rẹ́ tí wọn kò fi ẹyin ṣe: fún 2024 sí 2025, A/Wisconsin/67/2022 àti A/Massachusetts/18/2022 ló wà níbi tí ti ẹlẹ́yin ní Victoria àti Thailand.

Ẹ má ṣe gbọ́ 19 yẹn kí ẹ sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò wúlò. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, 19 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí kò dé ilé ìwòsàn. Àwọn yòókù inú abẹ́rẹ́ náà sì lè bá tiwọn mu lọ́dún tí H3N2 kò bá mu.

Ìgbà òtútù tí kò sí l'Ékòó

Gbogbo ètò oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án yìí fẹ̀yìn ti ohun kan tí Èkó kò ní: ìgbà òtútù. Ní London, inflúẹ́ńsà a máa dé pẹ̀lú òtútù, a sì máa lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oṣù tí láàbù wa kì í rí i, ìgbà ọyẹ́ tàbí ìgbà òjò. Èkó wà nínú ìdajì ayé ti àríwá lórí àwòrán ayé, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kò wo àwòrán.

Fún ẹni tó ń gbé Yábàá, ọ̀rọ̀ náà dà bí aṣọ tí télọ̀ ọjà Tejúoṣó fi ìwọ̀n ẹlòmíràn rán. Ó lè wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa wọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ti mú kí irú inflúẹ́ńsà kan náà máa yí gbogbo ayé ká. Àmọ́ kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé aṣọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún òtútù àríwá sábà máa ń lo ọjọ́ rẹ̀ tán ní àárín ọdún, àsìkò tí òjò Èkó ń rọ̀ kíkankíkan. Áńtíbọ́dì tí ènìyàn ní láti inú rẹ̀ náà a sì máa dín kù láti oṣù dé oṣù. Ẹni tó gbà á ní oṣù Kẹwàá kò ní ààbò kan náà nígbà tí oṣù Keje bá dé.

Abẹ́rẹ́ inflúẹ́ńsà kò sí nínú àwọn àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àpò ara rẹ̀ ni. Àwọn ẹbí wa ní Peckham, ní London, kò rí irú èyí: ẹni tó bá ti pé ọdún 65 àti aboyún ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí òtútù tó dé, wọ́n sì ń fín in símú fún àwọn ọmọ iléèwé. Ìyá àgbà tó ń ti Súrùlérè lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní oṣù Kọkànlá, ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ọdún náà ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ara nílò àkókò yẹn láti ṣe áńtíbọ́dì. Bákan náà ni ìjọba Saudi ń gba àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà níyànjú.

Òwú láti Muṣin

Ní Muṣin, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó ń wúkọ́, tí orí ń fọ́ ọ, oògùn ibà ló sábà máa ń lọ rà ní kẹ́míìsì, tàbí kó ní kí ìyá alágbo bá òun po tibà. Nígbà mìíràn ibà ẹ̀fọn ni lóòótọ́. Nígbà mìíràn inflúẹ́ńsà ni, ó lo oògùn ibà, ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún bí yóò ti yá tẹ́lẹ̀, oògùn ibà ló sì gba ọpẹ́. Kò sí ẹni tó gba òwú nímú rẹ̀. Irú tó wà lára rẹ̀, ì báà jọ ti Austria, ì báà yàtọ̀ sí i pátápátá, kò dé ìpàdé kankan.

Láti 2008, orílẹ̀-èdè yìí ti ní ètò tó ń ṣọ́ inflúẹ́ńsà ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ CDC ti Amẹ́ríkà. Ìlànà WHO rọrùn: ẹni tí ìgbóná ara rẹ̀ dé 38, tó ń wúkọ́, tí kò sì tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba òwú náà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, yóò sì gba ọ̀nà láàbù àpapọ̀ NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, ní Gaduwa, Abùjá, lọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Fásitì Ìbàdàn náà ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí inflúẹ́ńsà fún ìran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kejì 2007, ibùdó WHO ní London ló jẹ́rìí sí i pé inflúẹ́ńsà ẹyẹ, H5N1, ló pa obìnrin kan ní Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó pa ní Nàìjíríà. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n rí i lára adìẹ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà.

Ohun èlò kò ṣàìsí ní Mainland Èkó. Ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR wà ní Yábàá, láàbù NCDC ti Èkó wà ní Yábàá, ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó tọ́jú àwọn oní-Ebola ní 2014 àti ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà ní 2020 wà ní Yábàá. Ilé ìwòsàn Fásitì Èkó, LUTH, wà ní Ìdí-Àràbà, ibẹ̀ sì ni láàbù tó kọ́kọ́ dá Ebola mọ̀ ní Nàìjíríà wà. Ní oṣù Kẹta 2020, ibùdó ACEGID ní Fásitì Redeemer's, Ẹdẹ, ka gbogbo jíìnì kòrónà ẹni àkọ́kọ́ yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹni tó lè ka ti kòrónà lè ka ti inflúẹ́ńsà. Ohun tó kù ni owó tí kì í dáwọ́ dúró, àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa gba òwú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, àti fíríìjì tí iná kò ní kú lórí rẹ̀. Ètò tó gbára lé owó òkèèrè lè mì nígbàkigbà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni Amẹ́ríkà kéde pé òun ń jáde kúrò nínú WHO. Láàbù tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìjọba ní Yábàá ti dáwọ́ dúró láti 1991, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ti àyẹ̀wò náà tọ ọ̀nà yẹn.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí a ṣe fún ìdánrawò. Omi ẹ̀jẹ̀ ferret tó ní áńtíbọ́dì fáírọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ dá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ dúró dé 1280. Ó dá èyí tó wá láti London dúró dé 640, ti Abidjan dé 160, ti Yábàá dé 80. Ẹ ṣírò ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po, kí ẹ sì sọ èyí tí abẹ́rẹ́ náà lè ká. Kí ni àwọn onímọ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ti Yábàá àti ti Abidjan kúrò, bí ẹni pé òwú méjèèjì kò dé láàbù. Kí ni ìpàdé oṣù Kejì yóò pinnu?